Ejò-Ekòló àti Àgbègbè-Orírun Rẹ̀: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan nínú Ìmọ̀ Ẹranko

Nínú gbogbo ejò orí ilẹ̀, kò sí èyí tí ó tàn kálẹ̀ ayé tó ejò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Indotyphlops braminus. Gígùn rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ; kò nípọn ju okùn bàtà lọ; kò ní oró; kò sì lè bu ènìyàn jẹ. Síbẹ̀, ó ti wà ní Éṣíà, ní Áfíríkà, ní Ọsirélíà, ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Yorùbá yóò rí i pé ìṣòro náà kò sí lára ejò bí kò ṣe lára ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ìtàn ọ̀hún kò lè ṣe aláìlò. Èkíní ni orúkọ ejò náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ pé kì í pa ni lára, àti ọ̀rọ̀ fún irú ìbímọ tí ó ń ṣe. Èyí tí ó ṣòro jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ibi tí ẹ̀dá kan ti ṣẹ̀ wá àti ibi tí ó kàn wà lónìí. Bí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ bá ṣi èyí lò, kì í ṣe èdè nìkan ni ó bàjẹ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé lọ sílé kì í ṣe òótọ́.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ejò yìí yóò rò pé ekòló ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, inú rẹ̀ a sì mọ́ díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Orí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà, kò sì sí ọrùn tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Àmọ́ ekòló ní òrùka-òrùka lára, awọ rẹ̀ sì máa ń tutù. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ń dán ni ó bo ejò yìí láti orí dé ìrù, ìlà ìpẹ́ 20 ni ó sì yí ara rẹ̀ ká. Ó ń yọ ahọ́n. Ekòló kò ní ahọ́n. Ní ṣóńṣó ìrù rẹ̀ ni nǹkan kékeré kan wà bí ẹ̀gún, èyí tí ó fi ń ti ara rẹ̀ síwájú nínú erùpẹ̀. Òun náà ni ó fi máa ń tẹ ọwọ́ ẹni tí ó bá mú un, tí onítọ̀hún yóò fi pariwo pé ejò ta òun. Kò ta á. Ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ imú, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba awọ ènìyàn, kò sì sí eyín kankan ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹyin àti ìdin èèrà àti ti ikán ni oúnjẹ rẹ̀, èyí sì ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé inú ilẹ̀, abẹ́ òkúta, abẹ́ igi tí ó ti jẹrà àti ìdí ilé ikán ni a ti ń bá a pàdé.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn ti fún un káàkiri ayé kò ṣe é kó wọ Yorùbá lójú kan náà. Ní ọdún 1796, Patrick Russell, oníṣègùn ọmọ Scotland tí ó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé tí ó ṣe lórí àwọn ejò etíkun Coromandel, ó sì kọ orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ: Rondoo Talooloo Pam. Ní èdè Telugu, “ejò olóríméjì” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni àwọn ará Vizagapatam sọ, nítorí pé ìrù ejò náà jọ orí lóòótọ́. Ní ọdún 1803, François Marie Daudin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé iṣẹ́ Russell yẹ̀ wò, ó sì sọ ejò náà ní Eryx braminus. Láti ara orúkọ àwọn Brahmin, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Híńdù, ni ó ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kejì. Braminus yìí kò yí padà mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó ṣáájú rẹ̀ ti pààrọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ó di Typhlops, ó di Ramphotyphlops, láti ọdún 2014 ni ó sì ti di Indotyphlops. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ejò kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí.

“Ejò olóríméjì” kò yẹ ní Yorùbá. Kì í ṣe pé kò ṣe é gbọ́, bí kò ṣe pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò máa retí ẹranko abàmì, yóò sì di igi mú kí ó tó wo ohun tí ó wà nílẹ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ìkòkò òdòdó pè é, nítorí pé inú erùpẹ̀ ìdí òdòdó ni ó ti ń rìnrìn-àjò. Ìdí náà lágbára, àmọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ yóò mú kí ọmọdé rò pé inú ìkòkò ni Ọlọ́run dá ejò sí. Orúkọ kẹta tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ni “ejò afọ́jú”, tí ó jẹ́ ìtumọ̀ tààrà fún Typhlops ti èdè Gíríìkì. Ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè dá èyí dúró díẹ̀. Mófíìmù mẹ́ta ni ó wà nínú afọ́jú: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe fọ́, àti ọ̀rọ̀-orúkọ ojú. Ohun tí kò bá pé rí kò lè fọ́. Ojú ejò yìí kò sì fọ́: ó ní ojú méjì, abẹ́ ìpẹ́ ni wọ́n wà bí ẹyọ àmì dúdú, wọ́n sì lè mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. “Ejò olójú-inú” ìbá dùn létí, ṣùgbọ́n ojú inú ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe nínú èdè. “Ejò olójú-bíbò” ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, ó sì yẹ kí ó jẹ́ orúkọ fún gbogbo ẹbí àwọn ejò tí ìpẹ́ bo ojú wọn báyìí. Fún ìran kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, “ejò-ekòló” tó. Ẹnìkan lè sọ pé ó lè túmọ̀ sí ejò tí ń jẹ ekòló. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó bá tẹ̀lé òmíràn nínú Yorùbá kì í sọ irú ìbátan tí ó wà láàrin wọn. Ẹlẹ́dẹ̀-igbó kì í jẹ igbó, igbó ni ó ń gbé. Lílò ni yóò fi ìdí ìtumọ̀ múlẹ̀.

Ìran ni a pe ejò yìí lókè, kì í ṣe ẹ̀yà. Ẹ̀yà ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò, ṣùgbọ́n “ẹ̀yà ejò” lè jẹ́ irú ejò, ó sì lè jẹ́ apá kan lára ejò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ara. Ìran kò ní ìṣòro yìí, ó sì ní àǹfààní mìíràn tí yóò hàn láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ lórí àìléwu ejò ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Òwe tí ó sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà dárúkọ ọká, ó dárúkọ paramọ́lẹ̀, ó dárúkọ òjòlá. Àwọn tí ènìyàn ń sá fún nìkan ni. Bí èdè ti rí nìyẹn: ejò tí ń pani ni orúkọ ń tètè dé bá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé ejò kan kì í pani yóò lo “aláìléwu” tàbí “aláìlóró” bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Oró ni omi tí ejò ń tú sí ara ohun tí ó bá bù jẹ. Májèlé yàtọ̀, nítorí jíjẹ tàbí mímu ni ènìyàn ń jẹ ẹ́ tàbí mu ún. Òjòlá jẹ́ aláìlóró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún ọmọdé pé òjòlá jẹ́ aláìléwu kò ṣe dáadáa, nítorí pé fífún ni òjòlá fi ń pa ohun tí yóò jẹ. Ejò-ekòló jẹ́ aláìlóró, ó sì jẹ́ aláìléwu. Nínú ìwé ìléwọ́ ti àwọn ẹlẹ́tọ̀ọ́ ìlera, ìyàtọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí là: ejò olóró nìkan ni a ń tìtorí rẹ̀ gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ apa-oró. Bí ìwé bá kó gbogbo ejò tí kò ní oró àti gbogbo ejò tí kò léwu sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan, aláìsàn lè sá fún ohun tí kò yẹ kí ó sá fún, ó sì lè fi ojú tínrín wo ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù.

Ibi tí ejò-ekòló ti yàtọ̀ sí ejò gbogbo ni ọ̀nà tí ó fi ń bímọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń ṣe àkójọ rẹ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, wọ́n ṣàkíyèsí pé abo ni wọ́n ń rí ṣáá. Ní ọdún 1980, Ronald Nussbaum gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn tí ó wà ní erékùṣù Seychelles. Ohun tí ó rí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ sí i pé ejò yìí kò nílò akọ. Ní ọdún 1987, Wynn, Cole àti Gardner ka krómósómù rẹ̀, wọ́n bá 42. Ìdì 14 lọ́nà mẹ́ta ni 42 yìí. Ìdì méjì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹranko ń ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó ní ìdì mẹ́ta kò lè pín wọn sí méjì dọ́gba, nítorí náà ìbálòpọ̀ lásán kò lè fún un lọ́mọ. Ohun tí ejò-ekòló ń ṣe ni pé ó ń yé ẹyin tí akọ kò fọwọ́ kàn. Ẹyin náà kì í sábà ju mẹ́jọ lọ. Abo ni gbogbo ohun tí ó bá jáde nínú wọn, wọ́n sì jọ ìyá wọn délẹ̀délẹ̀.

Kí ni Yorùbá yóò pe ìbímọ yìí? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn onímọ̀ ń lò túmọ̀ sí ìbí láti ọ̀dọ̀ wúńdíá. Bí ògbufọ̀ bá gbé e wá bẹ́ẹ̀, kíláàsì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò di kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì, àríyànjiyàn tí yóò sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ní í kan ejò. “Ìbí-láìsí-akọ” tọ̀nà, àmọ́ gbólóhùn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìperí; kò rọrùn láti ti inú rẹ̀ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan, dá, tí ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn láti sọ pé ẹnìkan ṣe nǹkan náà fúnra rẹ̀ láìní alábàáṣe: ó dá ṣe é, ó dá gbé, ó dá lọ. Láti ibẹ̀ ni “dá bí” ti wá: ìdábí ni ìṣe náà, adábí sì ni ẹ̀dá tí ń ṣe é. Ẹnìkan lè bèèrè ìdí tí kò fi jẹ́ “ìdáyé”, nígbà tí ó jẹ́ pé yíyé ni ejò yìí ń yé ẹyin. Ìdí ni pé dáyé ti kún fún ìtumọ̀ mìíràn. Dé ayé wà nínú rẹ̀, èyí tí ó hàn nínú adáyébá. Dá ayé náà wà nínú rẹ̀, tí í ṣe iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ní ẹrù méjì lórí kò yẹ kí a di ẹ̀kẹta lé. Bákan náà, ìdábí yóò wúlò fún àwọn alángbá abo kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti fún ọ̀pọ̀ kòkòrò, láìka bóyá ẹyin ni wọ́n ń yé tàbí ọmọ ni wọ́n ń bí.

Àǹfààní tí a sọ nípa ìran wà níhìn-ín. Àpèjúwe tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ń fún ọ̀rọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀dá tí wọ́n lè bá ara wọn lò kí wọ́n sì bímọ tí yóò bímọ. Adábí kò bá ẹnikẹ́ni lò, àpèjúwe náà kò sì lè gbà á. Ṣùgbọ́n ìran, ní Yorùbá, ìyá-bí-ọmọ-bí-ọmọ ni. Ó gba adábí láìfi ipá ṣe é.

Ìdábí ni ó ṣí ọ̀nà ayé fún ejò-ekòló. Ejò mìíràn tí ó bá bọ́ sí ilẹ̀ àjèjì gbọ́dọ̀ rí akọ tàbí abo kí ìran rẹ̀ tó dúró níbẹ̀. Ejò-ekòló kan ṣoṣo nínú erùpẹ̀ ìdí igi kan tó láti dá ìlú sílẹ̀. Òwe tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan kò bá a wí. Ó dá rìn, ìyà kò jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Gúúsù Éṣíà, ní apá Íńdíà àti Sri Lanka, ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn pọ̀ sí. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi àti òwò igi òun òdòdó ti ń gbé e kiri. Ní ọdún 1869, Wilhelm Peters, ọmọ Jámánì, rí i láàrin ẹranko tí ó ti Mẹ́síkò wá, ó rò pé ìran tuntun ni, ó sì sọ ọ́ ní Typhlops perditus. Ní èdè Látìn, perditus ni ohun tí ó sọnù. Orúkọ náà bá a mu ju bí Peters ti mọ̀ lọ. Ní ọdún 1930 ni wọ́n rí i ní Honolulu, ní Hawaii, a sì gbà pé erùpẹ̀ ìdí igi tí wọ́n kó wá láti Filipíínì ni ó bá dé. Ní ọdún 1979 ni wọ́n rí i ní Miami, ní Amẹ́ríkà. Ní Áfíríkà, ó wà ní Gúúsù Áfíríkà, ó wà ní etíkun ìlà-oòrùn. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó ti dé Tógò àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Báyìí ni ìbéèrè tí ó le jù dé: bí ìwé bá sọ ní èdè mìíràn pé àgbègbè àdáyébá ejò yìí ni Gúúsù Éṣíà, ṣùgbọ́n tí ó wà ní Miami, kí ni Yorùbá yóò sọ? “Ibùgbé” ni ògbufọ̀ máa ń kọ́kọ́ mú. Ibùgbé kò bá a mu, nítorí pé irú ibi ni ibùgbé ń sọ: inú erùpẹ̀, ìdí ilé ikán, abẹ́ ewé jíjẹrà. Ibùgbé ejò-ekòló ní Íńdíà àti ní Miami jẹ́ ọ̀kan náà. Ilẹ̀ tí a lè fi ìlà yí ká lórí máàpù ni “àgbègbè”. Òun ni ó yẹ níhìn-ín. “Àgbègbè àbínibí” ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ìbí ni ó dúró lé. Ejò tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní Miami ní àná, Miami ni a bí i sí. Bí ó bá jẹ́ ti ìbí ni, ọmọ Miami ni.

Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí fún ènìyàn tipẹ́tipẹ́. Kí ó tó di pé ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì jáde ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni a bí sí Kúmásí àti Tamale tí wọn kò tilẹ̀ fojú kan Ogbómọ̀ṣọ́ rí. Bí a bá bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n, Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọn yóò wí. Ibi tí a bí ni sí yàtọ̀ sí ibi tí ìran ẹni ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ fún èkejì ni orírun. Nítorí náà, “àgbègbè-orírun” ni ilẹ̀ tí ìran kan ti ṣẹ̀ tàbí tí ó dé fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. “Àgbègbè-àtìpó” ni ilẹ̀ tí ènìyàn gbé e dé, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àtìpó ni ó tọ́, kì í ṣe àlejò. Àlejò yóò lọ. Àtìpó ti kọ́lé, ó ti bímọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ibòmíràn ni ó ti wá. Àpapọ̀ méjèèjì ni “àgbègbè-ìtànkálẹ̀”.

Gbogbo àtìpó kọ́ ni ó ń ṣe ibi. Ewé tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní ewé Akíntọ́lá tàbí ewé Awólọ́wọ̀, Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ó sì ti gba oko lọ́wọ́ ewéko onílẹ̀. Irú èyí nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀, “agbalẹ̀” sì ti wà nítòsí, láti ara gbalẹ̀, tí í ṣe títàn ká ilẹ̀. Kí òǹkọ̀wé má ṣe gbàgbé àmì ohùn: agbálẹ̀, tí ó ní ohùn òkè lórí a kejì, ẹni tí ń fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ ni. Ejò-ekòló kì í ṣe agbalẹ̀. Kò tíì hàn pé ó lé ejò onílẹ̀ kankan kúrò ní ipò rẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ìyàtọ̀ yìí kan olùkọ́ ní Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n ni pé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ejò olójú-bíbò tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Afrotyphlops punctatus, tí Leach fún ní orúkọ ní ọdún 1819. Ó tóbi ju ejò-ekòló lọ púpọ̀, ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, ó ní àmì tótòtó lára, ó sì ní akọ, ó ní abo. Ọmọ onílẹ̀ ni. Bí ìwé ẹ̀kọ́ bá kọ “ejò afọ́jú wà ní Bẹ̀nẹ̀” láìsọ èwo, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ̀ bóyá onílẹ̀ ni tàbí àtìpó, yóò sì ya máàpù kan fún ẹ̀dá méjì. Àkọlé inú ìwé atúmọ̀ lè kà báyìí: Ejò-ekòló, Indotyphlops braminus: ejò olójú-bíbò, aláìlóró, aláìléwu, adábí, ibùgbé, inú erùpẹ̀ àti ìdí ilé ikán, àgbègbè-orírun, Gúúsù Éṣíà, àgbègbè-àtìpó, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú.